Iṣẹ́ Tí Kò Ní Ọjọ́ Fírídọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, mo júbà kí n tó lanu. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa ìsọ̀ yín tì ní Sábó nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Máàrúwá láti Ìgbógbó, láti Àgíríìkì àti láti Odógúnyàn, ẹ káàbọ̀. Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kíkọ sọ́fítíwíà, ìyẹn àwọn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣiṣẹ́, ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé ilé ni wọ́n ti ní kí n wá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí kí a tó kíra tán: “Oṣù mélòó lọmọ mi máa fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí tán?” Mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti ń bọ̀. Bí ọmọ bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, wọ́n á wá onídùúró, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, ọmọ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Bí àkókò bá pé, ẹbí á se ìrẹsì, ẹgbẹ́ télọ̀ á pé jọ, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì gbé sísọ́ọ̀sì àti ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Ọmọ ti ṣe fírídọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ náà lọ, òun náà di ọ̀gá. Àwọn pátákó tí ẹ ń rí lójú títì tó ní kí ọmọ yín wá di ẹnjiníà sọ́fítíwíà láàárín oṣù mẹ́ta, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà fún yín.

Iṣẹ́ tiwa kò ní ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù. Ọjọ́ tí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó wà, ó sì lè má pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n á máa pè é ní ọ̀gá náà wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí á sọ pé òun ti kọ́ ọ tán, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì fẹ́ fi èkejì rẹ̀ kún un kí ẹ̀rù má baà bà yín: kíkọ́ títí ayé kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa sáré tẹ̀lé gbogbo ohun tuntun tó bá jáde. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo rí tó ń rẹ̀ jù, tí wọ́n sì ń mọ ohun tó kéré jù. Ohun tí ènìyàn yàn láti kọ́ ló ń gbé e dé ibi tó jìn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ Flash ló ń pàṣẹ lórí wẹ́ẹ̀bù. Òun ló ń ṣe géèmù, òun ló ń ṣe àwòrán tó ń rìn, òun ló ń ṣe ìpolówó. Ní ìparí ọdún 2020, Adobe tó ni Flash dá a dúró pátápátá. jQuery, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, jáde ní 2006, gbogbo ènìyàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. AngularJS, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ míì, wá láti ọ̀dọ̀ Google ní 2010. Nígbà tí ọdún 2021 ń parí, Google fúnra wọn jáwọ́ nínú rẹ̀. Facebook gbé tiwọn, React, síta ní 2013, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ ń bèèrè títí di àsìkò yìí. Ẹni tó bá di ọ̀kan mú nínú wọn, tó sọ pé èyí ni iṣẹ́ òun, ọdún mẹ́wàá lè má pé kó tó máa wá ibi tí á forí lé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ní 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, kọ ìwé kan tó ṣàlàyé bí a ṣe lè to àkọsílẹ̀ sínú tábìlì kí tábìlì kan sì lè máa bá èkejì sọ̀rọ̀. Inú èrò náà ni SQL, èdè tí a fi ń bi àwọn tábìlì náà léèrè ọ̀rọ̀, ti jáde. Nígbà tí ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ bá wo fóònù rẹ̀ láti mọ̀ bóyá tiránsífà oníbàárà ti wọlé, èrò Codd ṣì ni àkọsílẹ̀ báńkì fi ń ṣiṣẹ́. Unix, ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ìdílé rẹ̀ ni Linux tó wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android inú yàrá yìí. Èdè C, tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ti wà láti 1972. Ìlànà TCP/IP tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà wọlé sórí ARPANET, tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 1983, òun náà sì ni a ṣì ń lò. Bí ẹ bá ní ìwọ̀nba àkókò láti fi kẹ́kọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sórí ohun tó ti pẹ́.

Mo fẹ́ fi ohun kan hàn yín nítòsí, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ń ṣe áàpù fún ilé ìwé aládàáni kan, níbi tí akọ̀wé ti lè tẹ orúkọ ọmọ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jáde. Ó ní kí wọ́n fi àmì ohùn kọ orúkọ, bó ṣe yẹ ká kọ Yorùbá, inú mi sì dùn sí i. Akọ̀wé tẹ Adébọ̀wálé, áàpù ní kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wà. Orúkọ rẹ̀ wà lójú gbogbo wa lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀, lẹ́tà kan kò yàtọ̀. Ọmọbìnrin yìí tún kóòdù rẹ̀ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó fẹ́ yọ React kúrò kó fi nǹkan míì rọ́pò. Mo ní kó dúró ná, kó mú ọ̀rọ̀ kékeré kan, kó sì bi kọ̀ǹpútà léèrè iye lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀.

Ó mú “ọ̀rọ̀.” Ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi lè kà á: ọ̀, r, ọ̀. Mẹ́ta ni. JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ áàpù náà, ní márùn-ún ni. Ó da ọ̀rọ̀ kan náà kọ láti inú fáìlì tí akọ̀wé fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ní méje ni.

Ìdí rẹ̀ jìn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ètò ASCII, tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kalẹ̀ ní 1963, àyè 128 péré ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àwọn àmì mélòó kan àti àṣẹ fún ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ó di 1991 kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode tó jáde, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà. Lónìí, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àwọn ará Vietnam náà sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ tó gbé àmì ohùn sórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ ní ju ọ̀nà kan lọ. Ọ̀nà kìíní, ọ kí àmì ohùn tẹ̀lé e: nǹkan méjì. Ọ̀nà kejì, o lásán, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, kí àmì òkè wá tẹ̀lé ìyẹn: nǹkan mẹ́ta. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Méjì, ọ̀kan, méjì: márùn-ún. Mẹ́ta, ọ̀kan, mẹ́ta: méje. Ojú wa rí ohun kan náà. Ẹ̀rọ rí ohun tó yàtọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí akọ̀wé fi kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé àti èyí tó fi wá a kò gba ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni Adébọ̀wálé ṣe sọnù nínú kíláàsì tirẹ̀.

Ìlà kóòdù kan ló yanjú rẹ̀. JavaScript ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní normalize, tó ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀nà kíkọ kan ṣoṣo kí a tó fi wọ́n wéra. Èdè Python náà ní i, èdè Java ní i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn: ohun tí ọmọbìnrin yẹn kọ́ lọ́jọ́ náà á bá a lọ sí èdè yòówù tó bá tún fẹ́ kọ́, lẹ́yìn tí React bá ti di ohun àná. Bó bá ti yọ React ni, ọ̀sẹ̀ kan ì bá ti lọ, Adébọ̀wálé ì bá sì ṣì sọnù síbẹ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bó ṣe kan àwọn ẹlòmíì lọ. Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà fún àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè ṣe é fún ogún ọdún kó má mọ̀ pé irú nǹkan yìí wà. Èdè tiwa kò fún wa láyè láti má mọ̀ ọ́n.

Ẹ ti rí bí ìpìlẹ̀ ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀nà iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín, ìta lẹ ti ń wò ó. Láti 2020 tí Stripe, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ra Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó tí Shola Akinlade àti ẹnìkejì rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Èkó níbí, ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, gbogbo òbí ló ti gbọ́ pé owó wà nídìí ẹ̀. Owó wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, iṣẹ́ kéékèèké tí ẹlòmíì ti gé sílẹ̀ ni wọ́n ń fún un: tún bọ́tìnnì yìí ṣe, wá ìdí tí ojú ewé yìí kò fi tètè ṣí. Kóòdù ẹlòmíì ló máa kà jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kórìíra ìyẹn, wọ́n fẹ́ kọ tiwọn. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí kò lè ka ìwé kò lè di òǹkọ̀wé. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á gbé odidi iṣẹ́ fún un, á wá kọ́ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń kọ àlàyé tó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó bá di ẹni tí wọ́n ń pè ní senior, ìpinnu rẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún. Nígbà míì, ìpinnu tó dára jù ni pé kí wọ́n má kọ kóòdù kankan rárá.

Ibẹ̀ ni oríta wà. Ọ̀nà kan lọ síbi ìṣàkóso ènìyàn, èkejì lọ síbi ìjìnlẹ̀ iṣẹ́. Nílẹ̀ wa, a gbà pé ẹni tí kò bá di máníjà kò gbéra sókè. N kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́ ọ kedere. Ẹ wo Ken Thompson. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ní 1969. Ní 1992, òun àti Rob Pike jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n sì ya ètò UTF-8 sórí bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo. Ètò yẹn ló ń gbé ọ àti ẹ wa káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Òun ni ẹ fi ń rí àmì ohùn lórí WhatsApp. Ó lọ sí Google ní 2006, nígbà tó sì di 2009, òun àti Pike àti Robert Griesemer gbé èdè kọ̀ǹpútà tuntun tó ń jẹ́ Go jáde. Ẹni ọdún 66 ni. Ogójì ọdún ló wà láàárín Unix àti Go, nǹkan tí ọkùnrin náà sì mọ̀ nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, mo ní tiyín. Wọ́n bí Grace Hopper ní 1906. Ní 1952, ó ti ṣe ohun tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́ láyé, ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bí COBOL, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn báńkì ńláńlá ṣì ń lò. Ẹni ọdún 79 ni nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní 1986, ó sì tún lọ gba iṣẹ́ níléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà, ìyá tó bá sọ fún mi pé ọmọ òun obìnrin ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún, pé ó ti pẹ́ jù, ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn Hopper fún wa.

Ẹnìkan bèèrè bóyá yunifásítì ṣe pàtàkì. Ó ràn mí lọ́wọ́, ó sì lè ran ọmọ yín lọ́wọ́. LASPOTECH tó wà ládùúgbò wa níbí ti di yunifásítì LASUSTECH láti 2022. Ẹni tó bá rí àyè níbẹ̀ kó gbà á, nítorí ilé ìwé ló máa fipá mú un kọ́ ìṣirò àti ìpìlẹ̀ tí kò ní wù ú láti kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀kọ́ kíláàsì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, yunifásítì Harvard náà ní ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CS50 lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa pè yín kúrò lórí ibùsùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: iná ńkọ́, dátà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin wà níbí, lẹ́bàá wa. Wọ́n kọ́ ọ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, síbẹ̀ ìdajì owó tí ọ̀dọ́ kan ní Ìkòròdú rí lè lọ sórí epo jẹnẹrétọ̀. Ó ń dùn mí, n kò sì ní sọ fún yín pé ìfaradà nìkan ni oògùn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkóso ní láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ wa láti ṣe wà. Ìwé àlàyé Python ṣeé gbà sílẹ̀ lódidi. Ẹ gbà á lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Lórí Linux, bí ẹ bá kọ man, tí ẹ fi orúkọ àṣẹ kan tẹ̀lé e, àlàyé àṣẹ náà á jáde láìsí dátà kankan. Git, tí Linus Torvalds kọ ní 2005, ń gbé ìtàn gbogbo iṣẹ́ yín sínú ẹ̀rọ yín, ẹ lè jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀búté dé CMS kí ẹ máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìpele ìpele, láìní íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ọ̀rọ̀ ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìparí 2022 ni ìbéèrè yìí kò ti jẹ́ ká gbádùn: ṣé iṣẹ́ ṣì wà fún ọmọ tó ń kọ́ kóòdù nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ ọ́? Èrò mi ni pé ẹ̀rọ náà ń kọ kóòdù tó dára lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè ka “ọ̀rọ̀” sí márùn-ún tàbí méje kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè. Kóòdù náà á wọlé, á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí orúkọ John, á sì kọ Adébọ̀wálé sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tiyín ná, kí ẹ tó bi í. Bó bá fún yín ní èsì, ẹ ní kó ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú orúkọ àwọn ará ilé yín. Bí ẹ kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíì, ẹ má fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tó ń dúró dè yín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ń ka àkókò láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 1970, ní ìṣẹ́jú-àáyá, nínú àyè kékeré kan tí nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè gbà kò ju 2,147,483,647 lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kíní ọdún 2038, nọ́ńbà náà á kún. Èyí tí wọn kò bá tíì tún ṣe nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á padà sí ọdún 1901. Ẹ̀yin ọmọ ogún ọdún ni ẹ máa wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà ni wọ́n á sì máa wá kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí níbo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo gbọ́ yín, mo sì mọ̀ pé fóònù nìkan lọ̀pọ̀ yín ní. Áàpù kan wà fún Android tó ń jẹ́ Termux, tó ń jẹ́ kí ẹ lè kọ àṣẹ sí fóònù bíi kọ̀ǹpútà Linux. Ẹ gbé Python àti SQLite, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú tábìlì, sí i, kò gba owó. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá ìyá yín, kí ẹ ní kó fi ìwé àjọ rẹ̀ hàn yín. Ẹ kọ ohun tó máa tọ́jú àjọ náà: ta ló dá, ọjọ́ wo, iye wo, ta ló ti kó. Ọ̀rọ̀ tábìlì Codd á jáde síbẹ̀. Orúkọ àwọn ìyá náà á mú ọ̀rọ̀ àmì ohùn wá. Nígbà tí ẹ bá dé orí owó, ẹ ní kí Python ro 0.1 àti 0.2 pọ̀, á dá yín lóhùn pé 0.30000000000000004 ni. Ẹ má tẹ̀síwájú títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì máa tọ́jú owó náà ní kọ́bọ̀. Bí ìparí oṣù bá dé tí iye tí fóònù yín sọ bá bá ìwé ìyá yín mu, ẹ gbé e wá bá mi, èmi àti ẹ̀yin á jọ jókòó ka kóòdù náà.